ORÍ KẸJỌ: WÍWÁ KÓKÓ TÓ Ń DA HỌ́MỌ́Ọ̀NÙ SÍNÚ Ẹ̀JẸ̀

Ọ̀gá atukọ̀ tí wọ́n là lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹfà

Charles Martell jẹ́ ọ̀gá atukọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi oníṣòwò ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkùnrin gíga, taagun ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní tí egungun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Nígbà tó ṣe, àwọn egungun náà ń ṣẹ́ láìjẹ́ pé nǹkan kan gbá a, òkúta wẹẹrẹ ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, ara rẹ̀ sì ń súnkì. Ínǹṣì méje ni gíga rẹ̀ fi dín kù kí ọ̀rọ̀ náà tó parí.

Ní 1926, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Bellevue ní New York yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá kálísíọ̀mù tó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ níbẹ̀, wọ́n sì sọ pé paratáíròìdì ló ń dá a lóró. Gílándì mẹ́rin ni paratáíròìdì máa ń jẹ́ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀yìn táíròìdì, ní ọrùn, ni wọ́n ń gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju wóró ìrẹsì lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti da họ́mọ́ọ̀nù kan tí à ń pè ní PTH, èyí tó ń fa kálísíọ̀mù jáde láti inú egungun sínú ẹ̀jẹ̀. Bí kókó bá hù lára ọ̀kan nínú wọn, egungun á di jíjẹ, kíndìnrín á sì di ibi tí òkúta ń hù.

Wọ́n la ọrùn Martell, wọn kò rí kókó kankan. Wọ́n tún un là. Nígbà tó fi máa di 1932, ẹ̀ẹ̀mẹfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀bẹ ti wọ ọrùn ọkùnrin kan ṣoṣo yìí. Òun fúnra rẹ̀ ti ń ka ìwé ìṣègùn, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n wo àyà òun. Nígbà keje, ní Massachusetts General Hospital ní Boston, Edward Churchill àti Oliver Cope la àyà rẹ̀. Ẹ̀yìn egungun àyà ni kókó náà jókòó sí, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ohun tó gbé e débẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, paratáíròìdì ìsàlẹ̀ méjì máa ń bá ẹ̀yà ara kan tó ń lọ sí àyà rìn, ọ̀kan a sì máa bá a kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí. Martell kò jẹ àǹfààní iṣẹ́ abẹ náà pẹ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni òkúta há sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n tún ṣe nítorí òkúta ọ̀hún.

Láti 1926 ni àwọn dókítà Martell ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ibi tí ohun náà wà ni wọn kò mọ̀. Ìṣòro tiwa lónìí ti yí padà: ẹ̀rọ wa ń fi kókó hàn wá níbi gbogbo nínú ara, ìbéèrè tó sì kù ni èwo nínú wọn ló jẹ̀bi. Orí yìí dá lórí bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè náà.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣáájú

Gílándì tó wà ní àlàáfíà mọ ìgbà tó yẹ kó da họ́mọ́ọ̀nù àti ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Kókó tó hù lára rẹ̀ lè máa da tiẹ̀ lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀yà ara kankan. Púpọ̀ nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, wọn kì í sì í tóbi débi tí wọn yóò fún ẹ̀yà ara mìíràn pa. Họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń dà ni ìyà ti ń wá. Kókó tí kò tó milimítà mẹ́wàá lè sọ ẹni tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì di ẹni tí kò lè dìde lórí àga láìdi nǹkan mú.

Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí kò ní àyídà: kí a fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ìtọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé họ́mọ́ọ̀nù kan pọ̀ jù, kí a tó wá ibi tó ti ń wá. Ìdí ni pé ara ènìyàn kún fún kókó tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí a bá ya CT ikùn fún 100 àgbàlagbà nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn, nǹkan bí mẹ́rin nínú wọn ni a ó bá kókó lára gílándì orí kíndìnrín wọn, iye náà a sì máa gòkè bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Bí a bá ya MRI orí fún àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lè ní àmì kékeré kan nínú pítúítárì, gílándì tó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán yóò rí kókó, yóò dá kókó náà lẹ́bi, yóò sì lè yọ ohun tí kò ṣẹ̀ kúrò nígbà tí ẹlẹ́ṣẹ̀ wà níbòmíràn.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí inú ń run á ti lọ ṣe scan ní ilé àyẹ̀wò tó wà ní ìdí ọ̀nà kó tó pàdé dókítà kankan, á sì mú ìwé èsì dání wọlé: “Dókítà, wọ́n ní kókó wà níbẹ̀.” N kò bá aláìsàn wí. Àwòrán ṣeé fojú rí, ó sì jọ ẹ̀rí ju nọ́ḿbà orí ìwé láàbù lọ. Dókítà tó jẹ́ kí ìwé náà darí òun ni mo ń bá wí.

Ìgbà kan wà tí títẹ òfin yìí lójú lè gba ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀. Kókó kan ń hù nínú gílándì orí kíndìnrín tó ń da adrenaline àti ìbátan rẹ̀, noradrenaline. Pheochromocytoma ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Jámánì kan, Felix Fränkel, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1886. Bí dókítà bá rí i lórí CT, tí kò bèèrè àyẹ̀wò metanephrine, ohun tí adrenaline àti noradrenaline máa ń dà nínú ara, tó sì ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láti gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kókó náà lè tú adrenaline tó ní síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfúnpá aláìsàn lè fò sókè débi tí iṣan yóò bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀ lórí tábìlì.

Ìrísí àti iṣẹ́

Ọ̀nà ńlá méjì ni à ń gbà ya àwòrán inú ara. Èkíní ń fi ìrísí hàn: bí nǹkan ti tóbi tó, ibi tó wà, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni CT, MRI àti ẹ̀rọ olóhùn tí wọ́n fi ń wo aboyún wà. Godfrey Hounsfield, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ EMI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ẹ̀rọ CT tí wọ́n fi ya orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní 1971. Orúkọ rẹ̀ wà lára òṣùwọ̀n tí CT ń lò títí dòní. Lórí òṣùwọ̀n Hounsfield, omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ 1000 sísàlẹ̀ òdo, ọ̀rá wà ní nǹkan bí 100 sísàlẹ̀ òdo, egungun sì ń lọ sókè sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Òṣùwọ̀n yìí wúlò fún wa gan-an. Kókó orí kíndìnrín tí kò léwu sábà máa ń kún fún ọ̀rá, nítorí náà nọ́ḿbà rẹ̀ kì í ju 10 lọ nígbà tí a kò tíì gún oògùn àfihàn kankan sí aláìsàn. Pheochromocytoma fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rá. Tiẹ̀ máa ń ju 10 lọ dáadáa. Bí nọ́ḿbà bá jẹ́ 4, a lè mú pheochromocytoma kúrò nínú ohun tí à ń fura sí. Bó bá jẹ́ 35, a kò tíì mọ nǹkan kan ju pé ó yẹ ká túbọ̀ wádìí.

Ọ̀nà kejì ń fi iṣẹ́ hàn. A óò mú èròjà kan tí irú sẹ́ẹ̀lì tí à ń wá fẹ́ràn láti gbà wọlé, a óò so átọ́ọ̀mù onítànṣán mọ́ ọn, a óò gún un sí iṣan aláìsàn, a óò sì dúró. Èròjà náà yóò rìn káàkiri ara. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti dì í mú ni ìtànṣán yóò ti máa jáde, kámẹ́rà gámà tó wà lókè ara yóò sì kà á. Nínú ti PET, átọ́ọ̀mù náà ń tú pósítírọ́ọ̀nù jáde; nígbà tí pósítírọ́ọ̀nù bá pàdé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn méjèèjì á pòórá, ìtànṣán méjì á sì fò jáde, ọ̀kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún, ní ìlà tó tọ́ gbọọrọ. Òrùka ẹ̀rọ tó yí aláìsàn ká ń mú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì mọ̀ pé orí ìlà tó so wọ́n pọ̀ ni wọ́n ti wá. Ìdí nìyí tí àwòrán PET fi ń mọ́ ju ti kámẹ́rà gámà lọ.

Átọ́ọ̀mù onítànṣán kọ̀ọ̀kan ní àkókò ìdajì tirẹ̀, ìyẹn àkókò tí ìdajì rẹ̀ máa ń lò kó tó ṣá. Technetium-99m ń lo wákàtí 6, ayódíìnì-123 wákàtí 13, ayódíìnì-131 ọjọ́ 8, fluorine-18 ìṣẹ́jú 110, gallium-68 ìṣẹ́jú 68. Ọmọ iléèwé lè rò pé ìṣirò lásán ni. Ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ kò lè rò bẹ́ẹ̀. Technetium ń jáde láti inú ẹ̀rọ kékeré kan tí molybdenum-99 wà nínú rẹ̀, molybdenum náà sì ń pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ ní wákàtí 66. Bí ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé e bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn bíi UCH Ìbàdàn, tó ní ẹ̀ka ìṣègùn onítànṣán, bá pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó ìdajì. Ti fluorine-18 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rọ ńlá tí à ń pè ní sáíkílótírọ́ọ̀nù ló ń ṣe é. Ẹ fojú inú wo èyí tí wọ́n ṣe ní Èkó láàárọ̀, tí ọkọ̀ tó gbé e wá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójú ọ̀nà Ìbàdàn fún wákàtí méjì. Ó lé ní ìdajì tó ti ṣá kí aláìsàn tó ká apá aṣọ sókè.

Kókó adrenaline àti àpò ìtọ̀ tó ń tàn

Ní 1981, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan ní Ann Arbor fi hàn pé èròjà kan tí wọ́n pè ní MIBG lè wá pheochromocytoma rí. MIBG jọ noradrenaline débi pé sẹ́ẹ̀lì tó ń kó noradrenaline jọ ń fà á wọlé, ó sì ń tò ó sínú àpò kéékèèké ibi tó ń tọ́jú tirẹ̀ sí. Ayódíìnì onítànṣán ni wọ́n so mọ́ ọn. Lójú àwòrán, kókó náà yóò dúdú kirikiri níbi tí gbogbo àyíká rẹ̀ ti rẹ̀ dòdò.

Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ gba àkíyèsí. Táíròìdì fẹ́ràn ayódíìnì. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá já kúrò lára MIBG, táíròìdì ni yóò gbé e mì tí ìtànṣán yóò sì jó o. Nítorí náà, a ń fún aláìsàn ní ayódíìnì lásán mu ṣáájú, kí táíròìdì yó kí èyí tó ní ìtànṣán tó dé. Àwọn oògùn kan sì wà tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ MIBG: labetalol tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti irú oògùn ìbànújẹ́ ọkàn tó jọ amitriptyline. Bí aláìsàn bá ṣì ń lò wọ́n, kókó lè wà níbẹ̀ rekete kí àwòrán má sì fi nǹkan kan hàn. Ẹ béèrè oògùn tí ó ń lò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó kó páálí wọn wá. “Oògùn funfun kékeré kan ni” kò tó.

Nínú 100 irú kókó yìí, nǹkan bí 80 sí 85 ló ń wà nínú gílándì orí kíndìnrín. Àwọn tó kù ń bá àwọn okùn iṣan ìmọ̀lára rìn láti ọrùn dé abẹ́ ikùn, àwọn díẹ̀ sì ń hù sára àpò ìtọ̀. Aláìsàn tó ní ti àpò ìtọ̀ ń sọ ohun kan tí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò lè gbàgbé: ìgbà tóun bá ń tọ̀ ni orí máa ń fọ́ òun, tí àyà máa ń já òun, tí òógùn máa ń bò òun. Ibi tí àwòrán MIBG ti lè tan ni jẹ nìyí, nítorí inú ìtọ̀ ni MIBG ń gbà jáde lára. Àpò ìtọ̀ gbogbo aláìsàn ló máa ń dúdú lójú àwòrán, yálà kókó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹni tó ń wo àwòrán láìgbọ́ ohun tí aláìsàn sọ yóò fojú fò ó. Ẹni tó ti gbọ́ yóò ní kí wọ́n ya MRI àpò ìtọ̀.

Lónìí, gallium-68 tí a so mọ́ DOTATATE ti ń gba ipò MIBG nínú iṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ kókó tó ń da họ́mọ́ọ̀nù ní ìdè kan lára sẹ́ẹ̀lì wọn tí họ́mọ́ọ̀nù somatostatin máa ń so mọ́. Ní 1989, ẹgbẹ́ Eric Krenning ní Rotterdam fi hàn pé a lè lo ìdè yìí láti ya àwòrán. Àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí gallium-68 DOTATATE ní 2016. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀nà yìí ni pé a lè yọ gallium kúrò kí a fi lutetium-177, tí ìtànṣán rẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì, rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà tí àwòrán gbà dé ibẹ̀ ni oògùn náà yóò gbà. FDA fọwọ́ sí ìyẹn ní 2018 fún irú kókó bẹ́ẹ̀ tó bá hù nínú ìfun tàbí páńkíríásì.

Aldosterone: ìgbà tí àwòrán ń purọ́

Yunifásítì Michigan yẹn kan náà ni Jerome Conn wà ní 1954 nígbà tó ṣàlàyé àìsàn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Aldosterone ni họ́mọ́ọ̀nù tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó mú iyọ̀ dúró, kó sì ju pòtásíọ̀mù nù. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, pòtásíọ̀mù á lè lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ á máa rọ. Àìsàn yìí pọ̀ láàárín àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ju bí àwọn dókítà ti ń wá a lọ. Bó bá jẹ́ gílándì kan ṣoṣo ló ń dà á, a lè yọ ọ́. Bó bá jẹ́ méjèèjì, oògùn ni aláìsàn yóò máa lò. Gbogbo ìpinnu wà lórí ìbéèrè kan: ọ̀tún ni, òsì ni, àbí méjèèjì?

Ó jọ pé CT yẹ kó dáhùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníwádìí kó èsì aláìsàn 950 jọ ní 2009, tí wọ́n fi ohun tí CT tàbí MRI sọ wé ohun tí ẹ̀jẹ̀ inú iṣan gílándì sọ, ìdá 38 nínú 100 ni àwọn méjèèjì kò ti fẹnu kò. Kókó aldosterone lè kéré jù fún CT láti rí, kókó tí CT sì rí lè jẹ́ èyí tí kò ṣe nǹkan kan, pàápàá lára ẹni tó ti lé ní 35 ọdún.

Nítorí náà ni a fi ń lọ gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gílándì fúnra rẹ̀. Dókítà á ti rọ́bà tín-ín-rín bọ iṣan ìtan, á máa wò ó lójú ẹ́síréè bó ti ń gòkè. Ti òsì rọrùn, nítorí inú iṣan kíndìnrín òsì ni iṣan gílándì náà ń ṣàn sí. Ti ọ̀tún kúrú, ó tín-ín-rín, inú iṣan ńlá tó ń lọ sí ọkàn ló sì ń ṣí sí tààrà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Báwo ni a óò ṣe mọ̀ pé ẹnu rọ́bà wà níbi tó yẹ? A ń wọn cortisol pẹ̀lú, nítorí gílándì méjèèjì ló ń dà á. Bí cortisol inú ẹ̀jẹ̀ tí a gbà kò bá ga ju ti apá lọ dáadáa, ibòmíràn la ti gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan tí a ṣe fún ẹ̀kọ́ yìí. Ọkùnrin ẹni ọdún 52. CT fi kókó milimítà 14 hàn ní òsì, ọ̀tún sì mọ́ tónítóní. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní oògùn tó ń ta gílándì jí. Nínú iṣan ọ̀tún, aldosterone jẹ́ 12,000, cortisol 600. Nínú iṣan òsì, aldosterone 1,600, cortisol 800. Nínú iṣan apá, aldosterone 90, cortisol 30. Cortisol ọ̀tún fi ìlọ́po 20 ju ti apá lọ, ti òsì sì lé ní ìlọ́po 26, nítorí náà ẹnu rọ́bà dé ibi méjèèjì. Ẹ wá pín aldosterone ibi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú cortisol rẹ̀: ọ̀tún jẹ́ 20, òsì jẹ́ 2, apá jẹ́ 3. Ọ̀tún fi ìlọ́po 10 ju òsì lọ. Ìlọ́po 4 ló yẹ kó kọjá kí a tó sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ló ń dá iṣẹ́ yìí ṣe. Òsì tiẹ̀ kéré ju apá, ohun tó fi hàn pé gílándì ibẹ̀ ti dákẹ́ nítorí ariwo ìkejì rẹ̀. Kókó milimítà 14 tí gbogbo ènìyàn ń wò kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Gílándì ọ̀tún tó mọ́ tónítóní ni a óò yọ.

Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ìṣirò yìí pé pérépéré tó sì tún kọ sísàlẹ̀ pé òsì ni kí wọ́n yọ, “nítorí CT.” Ojú máa ń borí ọgbọ́n nígbà mìíràn.

Paratáíròìdì lóde òní

Sestamibi jẹ́ oògùn tí wọ́n ṣe láti fi wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé inú ẹran ọkàn. Ní 1989, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé kókó paratáíròìdì náà ń gbà á. Ó ń wọnú máítókóńdíríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú kókó paratáíròìdì sì kún fún máítókóńdíríà. A ń ya àwòrán kìíní ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn abẹ́rẹ́: táíròìdì á hàn bí labalábá, kókó náà á sì fara pamọ́ sára apá kan rẹ̀. A ó tún yà á ní nǹkan bí wákàtí méjì. Táíròìdì á ti ṣá. Àmì kan á ṣẹ́ kù. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ya àyà pẹ̀lú, láti abẹ́ àgbọ̀n dé ọkàn. Ìlànà tó dá ọrùn nìkan mọ̀ kì bá tí rí kókó Martell.

Bí àwòrán kò bá fi nǹkan kan hàn ńkọ́? Bí kálísíọ̀mù bá ga tí PTH náà sì ga, àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Àwòrán kò dá ẹnikẹ́ni láre. John Doppman, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ wíwá kókó jù ní Amẹ́ríkà, ní èrò pé ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí aláìsàn tí wọn kò tíì là rí wá kiri ni oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ paratáíròìdì dáadáa. Ẹ rántí pé olùwo-àwòrán ló sọ bẹ́ẹ̀.

Insulin àti ACTH

Kókó insulin máa ń wà nínú páńkíríásì, lẹ́yìn àpòlúkù, púpọ̀ nínú wọn kò sì tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ nígbà tí ebi bá ń pa aláìsàn: á máa gbọ̀n, á máa sọ ìsọkúsọ, àwọn ará ilé á sì ti gbé e lọ sí ọ̀pọ̀ ilé àdúrà kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ̀ láti wọn ṣúgà. A ń mú un gbààwẹ̀ nílé ìwòsàn, ó lè tó wákàtí 72, títí ṣúgà á fi já, a ó sì wọn insulin àti C-peptide. Ìgbàkígbà tí páńkíríásì bá ṣe insulin ló ń ṣe C-peptide pẹ̀lú. Insulin inú ìgò kò ní in. Bí insulin bá ga tí C-peptide sì wà nílẹ̀, abẹ́rẹ́ ni insulin náà bá wọlé, kò sì sí kókó tí a fẹ́ wá. Bí méjèèjì bá ga, a tún gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àwọn oògùn oníhóró tí wọ́n ń fún alátọ̀gbẹ tó ń ta páńkíríásì jí. Lẹ́yìn èyí la tó ń ya àwòrán. CT àti MRI ń rí ọ̀pọ̀. Ẹ̀rọ olóhùn tí wọ́n ń tì gba ọ̀nà ọ̀fun wọ àpòlúkù ń rí àwọn kéékèèké orí páńkíríásì dáadáa. DOTATATE sábà máa ń kùnà níhìn-ín, nítorí ìdè somatostatin kò pọ̀ lára kókó insulin. Ìdè GLP-1 ló pọ̀ lára wọn, òun sì ni èròjà exendin ń wá lọ.

Ti Cushing kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú orí yìí, nítorí ẹ ó tún bá a pàdé ní orí tó kan. Harvey Cushing kọ ìwé lórí kókó pítúítárì tó ń fa cortisol àpọ̀jù ní 1932. Kókó náà ń da ACTH, họ́mọ́ọ̀nù tó ń sọ fún gílándì orí kíndìnrín pé kó da cortisol. Ó kéré, MRI sì lè má rí i nínú nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Kókó tó ń da ACTH tún lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Láti mọ èwo nínú méjèèjì ni, rọ́bà tín-ín-rín méjì ni a ń tì gòkè láti ìtan dé ìsàlẹ̀ agbárí, ibi tí ẹ̀jẹ̀ pítúítárì ń gbà jáde. Bí ACTH ibẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po 2 ti apá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ìlọ́po 3 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ CRH tó ń ta pítúítárì jí, pítúítárì ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a óò kọjú sí àyà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Obìnrin kan ń dákú bí ebi bá ti pa á. Ní wákàtí 14 tó fi gbààwẹ̀, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 38, insulin ga gan-an, C-peptide fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti san owó CT páńkíríásì. Kí ni ẹ ó ṣe, kí ni ẹ ó sì bá obìnrin náà sọ ní ìkọ̀kọ̀?

2. Nínú àpẹẹrẹ ọkùnrin ẹni ọdún 52, ẹ gbà pé cortisol iṣan ọ̀tún jẹ́ 34 dípò 600, aldosterone ibẹ̀ sì jẹ́ 95. Ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ lo èsì náà láti yan ẹ̀gbẹ́ kankan.

3. Wọ́n ti kọ orúkọ ọkùnrin kan sílẹ̀ pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ nínú kókó orí kíndìnrín rẹ̀ ní àárọ̀ ọ̀la. Kókó náà tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, nọ́ḿbà Hounsfield rẹ̀ jẹ́ 32. Ó ń lo amitriptyline. Ẹ kò rí èsì metanephrine kankan nínú fáìlì rẹ̀. Kọ lẹ́tà ìlà márùn-ún sí dókítà tó fẹ́ gún un.